Ọtí Kọ́ Ló Wà Nínú Ife Yẹn

Ẹ bá mi bi gbogbo Ọ̀fà léèrè, láti Ọwọ́dé títí dé ìdíkọ̀ rélùwéè: ta ló fún Alájì lọ́tí mu? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ Ìlọrin ni o, àpótí mi ṣì wà lọ́wọ́ mi, wọ́n ní mọ̀lẹ́bí ń dúró dè mí ní pálọ̀. Mo rò pé wọ́n fẹ́ ṣàdúà fún mi ni. Mo ti ń to àmín sílẹ̀ lẹ́nu. Mo wọlé, mo rí àwọn bàbá lórí àga, mo rí Àáfà, mo wá rí ìyàwó Alájì méjèèjì tí wọ́n jókòó pọ̀ sórí àga kan ṣoṣo. Àwọn tí kì í kí ara wọn nínú ilé kan náà! Mo mọ̀ pé ó ti bàjẹ́ fún mi.

Wọ́n na fóònù sí mi. Àwòrán Alájì ni, ní Madrid. Fìlà ti gẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, eyín ń dán, ife olómi pupa ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, yìnyín nínú rẹ̀, ègé ọsàn létí rẹ̀. Lókè orí rẹ̀ gan-an, itan ẹlẹ́dẹ̀ tò rẹrẹẹrẹ, wọ́n so wọ́n rọ̀ láti àjà. Èmi kọ́ ni mo gbé e síta o. Alájì fúnra rẹ̀ ló fi í sí sítétọ́ọ̀sì Wáàsáàpù, ó wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ọmọ wa ń tọ́jú wa."

Ẹ jẹ́ n rò ó látìbẹ̀rẹ̀. Alájì, àbúrò bàbá mi, wá ra táìsì tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ ilé ní Castellón, níbi tí ilé iṣẹ́ táìsì pọ̀ sí ní Sípéènì. Ó ní òun á yà kí mi ní Madrid tí mò ń gbé. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé yàrá àjùmọ̀gbé rí, ẹ mọ ohun tí yíyà yẹn jẹ́. Alájì sùn sórí bẹ́ẹ̀dì, èmi àti bàtà jọ sùn nílẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, ó ní: "Mi ò fẹ́ oúnjẹ ilé. Ohun tí àwọn onílùú ń jẹ ni kó o fún mi jẹ." Èmi tí mo ti ro àmàlà sílẹ̀! Èlùbọ́ tí ìyá mi fi ránṣẹ́, tí mo ń ṣọ́ lò bí oògùn!

Ohun tí àwọn onílùú ń jẹ, tapas ni. Àwo kékeré kékeré. Ẹ má sì sọ pé mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń jẹ ẹ́. Tẹ́ ẹ bá dé Madrid, ẹ lọ sí Mercado de San Miguel lẹ́gbẹ̀ẹ́ Plaza Mayor, ọjà onírin tó ti wà níbẹ̀ láti 1916. Ẹ wòran dáadáa, ẹ di àpò yín mú, ẹ jáde. Ilé oúnjẹ Casa Labra ti wà nítòsí Puerta del Sol láti 1860. Ẹja ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀, wọ́n á dín in, á máa gbóná fẹlifẹli. Ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ mú Alájì lọ. Ó rí àwọn èèyàn tí wọ́n ń jẹun lórí ìdúró. Ó ní, "Ṣé wọ́n lé wọn jáde nílé ni?" Ó ní àgbà tó relé Ọlọ́run dé kò lè jẹun lóòró. A kọjá.

Ó di àdúgbò La Latina, òpópónà Cava Baja. Ẹ wá wo ilé oúnjẹ, ilẹ̀kùn kan ń fara kan èkejì! Ọjọ́ Àìkú ló ń dùn jù níbẹ̀, nígbà tí ọjà El Rastro bá ti ń tú: àwọn èèyàn á wọ ṣọ́ọ̀bù kan, wọ́n á mu ife kan, wọ́n á jẹ àwo kan, wọ́n á dìde, wọ́n á tún wọ òmíràn. Ìrìn yẹn náà ni wọ́n ń rìn lálẹ́ ọjọ́ tí à ń wí yìí. Alájì wò wọ́n títí. "Kí ló dé tí wọ́n ń sá kiri? Ṣé gbèsè ni wọ́n jẹ?"

A jókòó síbì kan. Ilé ìdáná wọn kì í gbóná dáadáa kó tó di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, oṣù kẹfà sì ni, oòrùn ò tíì wọ̀. Alájì ń dúró de Mọ̀gàrìbá àti oúnjẹ pa pọ̀. Ó gbójú sókè. "Ewúrẹ́ wo ló ní irú itan báyìí?"

Mo ní, "Alájì, ẹ má wòkè."

Wọ́n gbé èso ólífì wá. Inú Alájì dùn: "Zàítúnì inú Àlùkùráánì nìyí!" Ó ṣe bísímílà. Ibi tí ayọ̀ mọ nìyẹn. Patatas bravas ló tẹ̀ lé e, ànàmọ́ òyìnbó tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n dín, tí wọ́n da ọbẹ̀ pupa lé lórí. Alájì fi ìka kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó jẹ́ pé bó o bá wọ oko ànàmọ́ rẹ̀ ní Ọ̀fà láàárọ̀, wọ́n á fi tọ́ọ̀ṣì wá ọ lálẹ́! Ó ní, "Ìtọ́wò nìyí, àbí?" Mi ò dáhùn. Wọ́n gbé edé dé nínú àwo amọ̀ pẹlẹbẹ, òróró àti áyù ṣì ń hó ṣooṣoo nínú rẹ̀. "Ìtọ́wò yìí dáa. Sọ fún wọn pé a ti gbà, kí wọ́n máa gbé oúnjẹ bọ̀."

Ó lọ fọwọ́. Ó ká apá agbádá lé èjìká. Ó kó gbogbo àwo kéékèèké yẹn lọ sí etí tábìlì, ó ṣí àárín sílẹ̀ fún abọ́ tó ń bọ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, àárín tábìlì yẹn ṣófo títí ilẹ̀ fi ṣú. Gbogbo ìgbà tí agbáwo bá kọjá, Alájì á tún àyè náà ṣe.

Mo ní kí wọ́n gbé ata Padrón wá, ata tútù kékeré tí wọ́n ń dín, tí wọ́n ń wọ́n iyọ̀ sí. Púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í ta, ṣùgbọ́n ẹyọ kan lè sá pamọ́ sáàárín wọn kó ta ọ́ débi pé o ò ní mọ orúkọ ara rẹ. Alájì jẹ àwo kan tán, kò ta. Ó ní irọ́ ni wọ́n ń pa, kí wọ́n gbé òmíràn wá, òun á wá a rí. Ó jẹ ẹ́ títí ó fi ku ẹyọ kan, ó wá nà án sí mi: "Jẹ ẹ́, o ti rù jù." Ìyẹn ló ta. Mo sunkún lójú gbogbo Cava Baja. Ìyá òyìnbó kan ní tábìlì kejì fún mi ní bébà inujú, ó ń gbá mi lẹ́yìn pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, ó rò pé ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ mí.

Kò kúkú parọ́, ó kàn pẹ́ dé ni. Bàbá mi kú nígbà tí ìwé ìgbélùú mi ṣì wà ní ọ́fíìsì àwọn ará Sípéènì. Wọ́n sin ín kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, bí ẹ̀sìn ṣe wí. Fóònù ni mo fi wò ó; ibi tí wọ́n ti ń da yẹ̀pẹ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Mi ò sunkún nígbà náà, mo níṣẹ́ alẹ́. Bàbá mi ló máa ń na èyí tó kù nínú àwo sí mi bẹ́ẹ̀ yẹn, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà. Ní pálọ̀ níjọ́sí, ẹ bi mí nípa ife. Ẹ bi mí nípa páànù ilé, owó ilé ìwé, fóònù oníkámẹ́rà mẹ́ta. Ẹnì kan ṣoṣo ò bi mí pé, ìwọ, ta lò ń bá jẹun níbẹ̀?

Ẹ fìyẹn sílẹ̀. Ẹ na omi yẹn sí mi. Ibo ni mo dé? Ẹ̀hẹ́n, Granada.

Ẹnu mi kọ́ ló sọ ọ́, Èṣù ni. Mo ní ní Granada, tó o bá ti ra ohun mímu, wọ́n á gbé àwo oúnjẹ kan tì í, wọn ò ní gba kọ́bọ̀ lé e. Mo tún fi kún un pé àwọn Mùsùlùmí ló jọba níbẹ̀ títí di 1492. Alájì dìde dúró. "Mo mọ̀! Mo mọ̀ pé àwọn tiwa ló dá sàráà yẹn sílẹ̀! Ọkọ̀ dà?" Ọ̀nà tó lé ní 400 kìlómítà, lóru! Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Mo ra mosto fún un kó lè jókòó. Omi èso àjàrà lásán ni, ọmọdé ń mu ún. Òun ló gbé sókè tó fi ya fọ́tò yẹn.

Owó dé, yúrò 74. Ẹ má jẹ̀ẹ́ n ṣírò rẹ̀ sí náírà, mo ṣì ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Alájì wo ìwé owó náà, ó wo tábìlì. "Áà. A ra àwọn àwo náà mọ́ ọn ni?" Ló bá ń kó wọn sápò agbádá. Mo ń yọ ọ́ lápá ọ̀tún, ó ń kó o sápá òsì. A délé, àmàlà tó ti tutù látàárọ̀, ó jẹ ẹ́ tán pátápátá, ó gbé abọ́ sílẹ̀, ó ní oúnjẹ nìyí.

Gbogbo èyí ni mo rò fún wọn ní pálọ̀. Mo ní omi àjàrà tí kò tíì di ọtí ni mosto. Àáfà tẹ orí, ó ronú, ó ní, "Tí kò *tíì* di ọtí. Ìyẹn ni pé ó ti wà lójú ọ̀nà." Alájì wà níbẹ̀ o! Ẹni tí mo bẹ̀ ní Madrid pé kó má wòkè, òkè ló tẹjú mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wọ́n ní kí n ra àgbò, kí n fi ṣe sàráà.

Ní òru ọjọ́ yẹn kan náà, mo gbọ́ kó kó kó lẹ́nu ilẹ̀kùn. Alájì ni, ó fọwọ́ bo nǹkan lábẹ́ bùbá. Àwo amọ̀ edé yẹn! Mi ò mọ ìgbà tó fi bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní òun ti rò ó, òun fẹ́ ṣí tapas sí Ọwọ́dé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù táìsì òun. Kí n bá òun kó irú rẹ̀ 200 sínú kọ̀ǹténà táìsì tó ń bọ̀, owó rẹ̀ di ìgbà tí ọjà bá yá. Mo bi í pé èló ni á máa ta ègé ànàmọ́ mẹ́fà fún ọmọ Ọ̀fà. Ó dárúkọ owó.

Mo ní, "Alájì, kẹ́ ẹ tó wá alásè, ẹ kọ́kọ́ gba oníjàkadì méjì."