Ẹ Bá Wa Gba Imú Ọ̀gbẹ́ni Yìí Sílẹ̀

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kan sáárá sí MC tó darí ìgbéyàwó tí mo lọ ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, lọ́jọ́ Sátidé. Ọmọkùnrin náà gbọ́ fọ́nẹ́ dójú àmì! Ẹni tí kò kọjá Ṣàgámù rí, ó ń ránmú bí ẹni pé London ló ti lọ jẹ́lé-ó-sinmi.

Imú yẹn ló kọ́kọ́ wú mi lórí. Imú ló kí wa káàbọ̀, imú ló gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀, imú ló ṣẹ̀fẹ̀, imú náà ló tún rẹ́rìn-ín sí i. Ẹnu kàn là sílẹ̀ lásán ni, kò ríṣẹ́ ṣe. Mo wá ń rò ó pé bí ọ̀fìnkìn bá mú un láàárọ̀ ọjọ́ òde ńkọ́, ṣé yóò dá owó olówó padà ni? Ṣé imú náà ń gba ìsinmi lọ́dọọdún? Ẹnu ò sì tíì lọ fẹjọ́ sùn pé wọ́n gbaṣẹ́ lọ́wọ́ òun?

Ìyá àgbà kan tó ti Ìṣẹ́yìn wá, tá a jọ jókòó sídìí tábìlì kan náà, wò ó títí. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó mú róòbù jáde. "Ẹ bá mi fún ọmọ yẹn kó fi ra imú. Ẹ̀rọ amúlétutù yìí ló ń dà á láàmú."

Nígbà tí MC pe bàbá ìyàwó, ẹnikẹ́ni ò dìde. Bàbá alára ń jẹ mọ́ínmọ́ín lọ, ó ń wọ̀tún wòsì, ó ń wá òyìnbó tí wọ́n ń pè.

Ọmọkùnrin yìí, iyì lò ń wá, ẹ̀sín lo sì fowó ara rẹ rà! Lánrewájú Adépọ̀jù, akéwì tó kú ní 2023, kò rí ilé ìwé lọ, fúnra rẹ̀ ló kọ́ ìwé. Bó bá ń kéwì lórí rédíò, àwọn tó gboyè yunifásítì á dá ṣíbí dúró. Kò ránmú sí ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dé etí pérépéré ni, ohùn òkè lókè, tìsàlẹ̀ nísàlẹ̀.

Èmi tí mò ń sọ yìí, mo sanwó ìtanràn nílé ìwé torí pé mo sọ Yorùbá nígbà ìsinmi. Owó àkàrà mi ni, ó ṣì ń dùn mí dòní. Tíṣà tó gbà á, bó bá kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sílé, bàbá mi á kà á ní àkàtúnkà kó tó mọ̀ pé owó ilé ìwé ló ń bèèrè. Irú wọn ló bí àwọn oníránmú ìwòyí.

Àrùn náà ti wọlé wa báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kọ "gm sa" ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ó ní kí n fún òun lówó tóun máa fi kọ́ fọ́nẹ́. Ọmọ tí kò lè kọ "ẹ káàárọ̀" tán! Iṣẹ́ ló sì ń wá o. Lẹ́tà lọ̀gá ibi iṣẹ́ ń kà kó tó rójú ẹni, fọ́nẹ́ ò sì sí nínú ìwé. Mo ní kó máa ka ìwé ìròyìn Aláròyé sókè fún ìyá wa àgbà lálaalẹ́, ọjọ́ tí màmá ò bá bi í pé "kí lo wí?", kó wá gbowó. Láti ìgbà náà, kò gbé ìpè mi mọ́.