Ọ̀kánjúwà Wọ Kóòtù, Ó De Táì

Ìpàdé onílé àdúgbò wa ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Owó tiransifọ́mà tí a tu jọ ti pòórá. Alága dìde, ó tún jígí ojú rẹ̀ ṣe, ó ní ohun tó ń da akápò láàmú ni "cupidity". Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Akápò fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ ṣeun, Alága." Ó rò pé wọ́n yin òun ni.

Àwa tó kù ò sàn jù ú lọ. Ìsàlẹ̀ tábìlì ni a ti ń fi fóònù wá a. Háà, ọ̀kánjúwà owó ni! Látìn ló bí i, láti inú "cupere", kí nǹkan máa wu èèyàn. Òun àti Cupid, òrìṣà ìfẹ́ àwọn ará Róòmù, ọmọ kékeré abìyẹ́ tó ń ta èèyàn lọ́fà láyà, ẹbí kan náà ni wọ́n. Faransé gbà á, Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ Faransé, ó wá rin ìrìn àjò dé àdúgbò wa, ó jókòó lé owó tiransifọ́mà.

Ọjọ́ náà ni àrùn ti ràn. Akọ̀wé ò fẹ́ gbẹ́yìn: ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, "avarice" ló gbé wá, ọ̀kánjúwà kan náà ni, ọmọ Látìn ni òun náà. Bàbá kan ní irọ́ ni, "rapacity" ló bá a mu, torí pé Látìn tó bí ìyẹn ni kí èèyàn já nǹkan gbà. Wákàtí méjì gbáko ni wọ́n fi jà sí i, nínú òkùnkùn, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni a fi ń wo ojú ara wa. Kò sẹ́ni tó rántí béèrè owó.

(Ti "greed" lásán ló tiẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ó ti pẹ́ tí Òyìnbó ti ń pe èèyàn ní "greedy" kí wọ́n tó gé ìrù rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1600, tí wọ́n fi rí "greed". Wọ̀bìà ti jẹun yó kí ìwà rẹ̀ tó lórúkọ.)

Èdè tiwa ni ò láàánú. Ó ní ọ̀kánjúwà àti olè, déédé ni wọ́n jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní "cupidity", ẹ lè fi í joyè.

Ìyá àgbà kan tó wá ṣojú ọmọ rẹ̀ ló tú àṣírí. Ó ní, "Ṣé ọ̀kánjúwà ni ẹ ń pe ọmọ ọlọ́mọ láti oṣù tó kọjá?" Akápò fò dìde, ó ṣí fìlà, ó ní wọ́n ti ba òun lórúkọ jẹ́, òun ń lọ bá lọ́yà.

Lọ́yà ti kọ̀wé sí wa. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ le. A ti yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún tí yóò wá ìtumọ̀ rẹ̀, owó ìgbìmọ̀ sì wà lọ́wọ́ akápò.