Igi Tó Pẹ́ Lódò: Ọ̀rọ̀ Skọ́tláńdì

Bó ti wù kí igi pẹ́ lódò tó, kò lè di ọ̀nì. Àlejò tó ń ṣe bí onílé la sábà ń fi òwe yìí bá wí. Ẹ jẹ́ ká yí i wo ẹ̀yìn: kí ló dé tí igi náà kò fi jẹrà?

Ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 1707 ni Skọ́tláńdì wọ odò: ó dara pọ̀ mọ́ Ẹ́ńgílándì, wọ́n di orílẹ̀-èdè kan, Great Britain. Owó ìlú ti ṣègbé sínú ìlú tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ dó ní Darien ní Panama. Ẹ́ńgílándì ṣèlérí £398,085, wọ́n pa ilé aṣòfin ti Edinburgh dé. Nínú ìjókòó 558 ilé aṣòfin kékeré ní Westminster, ní London, 45 péré ló kan Skọ́tláńdì.

Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ yóò ní ìlú ti parẹ́, pé aṣọ onígun mẹ́rin (tartan) àti fèrè aláwọ (bagpipe) ló kù. Ó ṣì í mú. Abala 25 ni àdéhùn ìdàpọ̀ náà ní. Ẹ ka abala 19: ẹjọ́ Skọ́tláńdì kò gbọdọ̀ dé ilé ẹjọ́ Westminster. Òfin tó bá a rìn dáàbò bo ìjọ Presbyterian àti yunifásítì wọn. Ìjọ ló sì ń bójú tó ilé ẹ̀kọ́ àdúgbò nígbà náà. Ẹ wò ó dáadáa: ta ni mẹ̀kúnnù ń rí lójoojúmọ́? Adájọ́, olùṣọ́-àgùntàn, tíṣà. Òfin àti ìjọ Skọ́tláńdì ni wọ́n ń tẹ̀lé, kì í ṣe ti Ẹ́ńgílándì.

Títí dòní, ará ìlú 15 ló ń jókòó bí ìgbìmọ̀ ìdájọ́ (jury) gbọ́ ẹjọ́ ọ̀daràn ńlá ní Skọ́tláńdì, 12 ni ti Ẹ́ńgílándì. Báńkì mẹ́ta ní Skọ́tláńdì ṣì ń tẹ owó bébà tiwọn. Ẹ ná an ní London, kí ẹ wo bí ọlọ́jà yóò ṣe gbé e sókè síná, tí yóò máa yí i síwá sẹ́yìn. Pọ́n-ùn kan náà ni o! Nítorí náà, ẹ̀yin ará wa tó wà lọ́hùn-ún, ẹ má pe ará Glasgow ní ará Ẹ́ńgílándì. Ìbínú rẹ̀ ní ìwé lẹ́yìn.

Má gbàgbé ìbò òmìnira Skọ́tláńdì ní 2014: nǹkan bí 55 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó dìbò ló ní àwọn kò kúrò lára Britain. Ọ̀pọ̀ wọn yóò sọ fún ẹ pé ará Skọ́tláńdì làwọn kí wọ́n tó dárúkọ Bìrìtìkó. Jíjókòó sódò yàtọ̀ sí dídi ọ̀nì.

Abala 24 ní kí adé, ọ̀pá àṣẹ àti idà ọba wà ní Skọ́tláńdì títí láé. Wọ́n tì wọ́n mọ́ inú àpótí ní Ilé Odi Edinburgh. Ọdún 1818 ni òǹkọ̀wé Walter Scott àti àwọn mìíràn tó ṣí i, wọ́n bá gbogbo rẹ̀ níbẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1999, wọ́n gbé adé náà jáde síbi ìṣíṣí ilé aṣòfin tuntun ní Edinburgh.