Kì í ṣe báríkà nìkan ló ń gbé wọn wọlé ní Multan

Ó máa ń ká mi lára tí mo bá rí i kà pé aláìmọ̀kan ni tálákà tó ń dìbò fún ìdílé wálíì ní Pàkísítánì. Ẹ jẹ́ ká wo Multan, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Punjab níbẹ̀, dáadáa.

Ìdílé Qureshi ló ni àbójútó ibojì wálíì Bahauddin Zakariya, tó kú ní 1262. Ibojì Musa Pak, wálíì míì, wà lọ́wọ́ ìdílé Gilani. Kádírìyà ni tiwọn, ọ̀nà tí Mùsùlùmí Yorùbá náà mọ̀. Sajjada nashin ni wọ́n ń pe olórí ibojì, ìyẹn ẹni tó jókòó sórí ẹní ìkírun. Yousaf Raza Gilani ti ṣe olórí ìjọba láti 2008 sí 2012, Shah Mahmood Qureshi sì ti ṣe mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè.

Kí ni olùdìbò ń rí níbẹ̀? Bí ọlọ́pàá bá ti ọmọ rẹ̀ mọ́lé, bí patwari, akọ̀wé tó ń tọ́jú ìwé ilẹ̀, bá kọ oko rẹ̀ mọ́ ẹlòmíì lọ́wọ́, bí ẹni tí oko rẹ̀ wà lókè odò bá gba wákàtí tí omi ìbomirinko kàn án, ilé pir, ìyẹn aṣáájú ẹ̀sìn láti ìdílé wálíì, ló ń gbà lọ. Pir á ránṣẹ́ sí ọ̀gá ọlọ́pàá, ọ̀rọ̀ á rọlẹ̀. Tí ìbò bá dé, olórí ẹbí á kó ìbò agbo ilé rẹ̀ jọ, á fi san oore náà. Ẹni tó bá sì ń dáko lórí ilẹ̀ pir fúnra rẹ̀ kò ní ọ̀nà méjì. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló fún púpọ̀ nínú àwọn ìdílé wọ̀nyí nílẹ̀. Òfin 1959 gba àpótí ọrẹ ibojì àti dúkìá wákáfù sọ́wọ́ ìjọba, ṣùgbọ́n kò gba ilẹ̀ ti ara wọn, kò sì gba ẹní ìkírun.

Ohun tó ń tan òǹdíje jẹ ni ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń péjọ lọ́jọ́ urs, àjọ̀dún ìrántí wálíì. Mùrídì, ìyẹn ọmọlẹ́yìn, Zakariya tó ń rọ́ wá láti ìpínlẹ̀ Sindh pọ̀ lọ jàra, àmọ́ Sindh ni orúkọ wọn wà nínú ìwé ìdìbò! Ní 2018, Shah Mahmood Qureshi lọ díje ní Tharparkar níbẹ̀, ó fìdí rẹmi, ẹni tó sì já a kulẹ̀, pir lòun náà. Ní Multan, ọjọ́ kan náà, ó wọlé sílé aṣòfin àpapọ̀ ní agbègbè ìdìbò NA-156, ó pàdánù ti ìpínlẹ̀ ní PP-217 sọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò ní ẹgbẹ́ òṣèlú.

Ní oṣù kẹwàá 2022, Ali Musa Gilani, ọmọ Yousaf Raza, na Meher Bano Qureshi, ọmọbìnrin Shah Mahmood, nínú ìdìbò ní NA-157. Ní 2024 ó tún nà án ní NA-151. Ibojì dojú kọ ibojì. Báríkà wo ló wá pinnu ìyẹn? Olùdìbò wo ilé tí yóò lè bá a dé àgọ́ ọlọ́pàá ni.

Punjab ti ń kó ìwé ilẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà báyìí, kí àgbẹ̀ lè gba ẹ̀dà tirẹ̀ láìbẹ patwari. Ìyẹn yọ ohun kan kúrò lọ́wọ́ pir. Ti ọlọ́pàá ṣì wà níbẹ̀ digbí.