Ìyàwó Há Sẹ́nu Ọ̀nà

Ní Èkó báyìí, ẹni tó bá ṣe ìnáwó tí kò gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní tààràtà, àfi bíi pé kò ṣe é rárá. Láti Sùúrùlérè dé Lẹ́kì, ìgbéyàwó ni o, ìsìnkú bàbá àgbà ni o, káàdì ìpè gbọ́dọ̀ ní ìlà kan nísàlẹ̀: "Ẹ máa bá wa wò ó lórí YouTube." Wọ́n á háyà kámẹ́rà mẹ́ta, wọ́n á háyà dróònù tí yóò máa fẹ́ gèlè àwọn ìyá dànù. Kí ló wá fẹ́ gbé gbogbo rẹ̀ jáde nínú gbọ̀ngàn? Máífáì kan, ráótà kékeré tó ń lo síìmù, lábẹ́ tábìlì DJ; dátà GB 5 ló wà nínú rẹ̀.

Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ íntánẹ́ẹ̀tì kò ṣe fáàrí tó báyìí. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún 1969, wọ́n fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, LOGIN, ránṣẹ́ lórí ARPANET, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ṣíwájú íntánẹ́ẹ̀tì, láti UCLA, yunifásítì kan ní Kalifóníà, sí kọ̀ǹpútà kan ní ilé ìwádìí Stanford. L lọ, O lọ, kọ̀ǹpútà dákú. Lẹ́tà méjì péré o! Àwa ń fẹ́ kí odidi àríyá gba inú máífáì kọjá.

Íntánẹ́ẹ̀tì kì í gbé nǹkan lódindi. TCP/IP, ìlànà Vint Cerf àti Bob Kahn tí ARPANET gùn lé ní 1983, ń gé e wẹ́wẹ́, ó ń dì í ní ìdì kéékèèké; èyí tó bá sọnù lọ́nà, á tún un fi ránṣẹ́. Lẹ́tà lè fara da ìyẹn. Ìyàwó tó ń jó wọlé kò lè dúró de ìdì tó sọnù, ni àǹtí tó wà ní Houston ṣe ń wo ẹsẹ̀ kan lókè.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Fídíò 720p ń fẹ́ nǹkan bíi megabit 4 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan: GB 1.8 ní wákàtí kan, GB 11 dín díẹ̀ fún wákàtí mẹ́fà. GB 5 yín kò ní í pé wákàtí mẹ́ta. Èkó sì nìyí, alága ìdúró lè má tíì dé nígbà yẹn.

Ọjọ́rú ni wọ́n máa ń dán an wò, nígbà tí gbọ̀ngàn ṣófo, á máa lọ geere. Wọ́n á tún fi ìyára tí wọ́n fi ń wo fíìmù díwọ̀n rẹ̀, bẹ́ẹ̀ gbígbé sókè (upload) ni iṣẹ́ wà, òun sì ni òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í fún láyè púpọ̀. Tó bá di Sátidé, ẹgbẹ̀ta àlejò á dé, oníkálùkù á máa gbé gèlè tirẹ̀ sórí ìkànnì láti ara òpó kan náà. NEPA á mú iná lọ. Kí jenerétọ̀ tó gbà á, ráótà ti kú, ó ń jí padà díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá yè é, DJ á fi orin olórin sí i, ẹ̀rọ YouTube á dá a mọ̀, ó sì lè gé ètò yín kúrò.

Ẹ fi kámẹ́rà kan sílẹ̀, kí ẹ fi owó rẹ̀ ra síìmù nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ àti UPS kékeré, bátìrì tí kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ kú bí iná bá lọ, fún ráótà. Ẹ ò ní gbà, mo mọ̀. UPS kì í wọ aṣọ ẹbí.