Kì í ṣe ìgò ọtí ló sọ ihò gọ́ọ̀fù di 18

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn lórí WhatsApp pé ìdí tí pápá gọ́ọ̀fù fi ní ihò 18 ni pé ìgò wisikí kan máa ń kún ife kékeré 18: bí ìgò bá gbẹ, eré parí. Irọ́ ni. Ó sì dùn mí, torí ìtàn gidi wà nílẹ̀ tó dára jù ú lọ.

St Andrews ní Skọ́tíláńdì ni 18 ti wá. Pápá ibẹ̀ rí tóóró létí òkun. Wọ́n á gbá bọ́ọ̀lù láti ihò dé ihò títí dé òpin pápá, wọ́n á yí padà, wọ́n á tún máa gbá a bọ̀ sínú àwọn ihò kan náà. Àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 22. Ní 1764, wọ́n rí i pé mẹ́rin àkọ́kọ́ ti kúrú jù, wọ́n sọ wọ́n di méjì. Méjì dín lálọ, méjì dín lábọ̀: ó ku 18.

Ibòmíràn kò tíì tẹ̀ lé e nígbà náà. Ihò 12 péré ló wà ní Prestwick, pápá mìíràn ní Skọ́tíláńdì, nígbà ìdíje gọ́ọ̀fù ńlá tí wọ́n ń pè ní Open wáyé fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 1860. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n yí i ká lọ́jọ́ kan.

Nígbà tí èrò pọ̀ ní St Andrews, wọ́n fẹ pápá náà, wọ́n sì gbẹ́ ihò méjì sójú ọ̀dàn kan, ìyẹn ibi koríko kúkúrú tí ihò máa ń wà, kí ẹni tó ń lọ má baà dí ẹni tó ń bọ̀ lọ́wọ́. Ọ̀dàn méje ṣì rí bẹ́ẹ̀ dòní. Ẹ ro nọ́ńbà ihò méjèèjì pọ̀, 2 àti 16, 3 àti 15, 18 náà ni.