Ẹ Yọ Ẹgbẹ́ Òṣèlú Kúrò Nínú Ìdìbò Kọ̀múùnù

Ọdún 7 gbáko ni àwọn ìgbìmọ̀ kọ̀múùnù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ orílẹ̀-èdè Benin wa, tí ìdìbò 11 oṣù Kìíní 2026 gbé wọlé yóò fi jókòó. A ti ń wí i pé kí ẹgbẹ́ òṣèlú kúrò nínú ìdìbò náà, kò tíì rí ẹni dáhùn, nítorí náà a ó tún un wí.

Ta ní ń yan mẹ́ẹ̀rì, olórí kọ̀múùnù? Kì í ṣe ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), kì í ṣe ará Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́. Láti oṣù Kẹfà 2020, ẹgbẹ́ tó bá kó ju ìdajì àga ìgbìmọ̀ lọ ló ń fọwọ́ tọ́ka sí mẹ́ẹ̀rì àti àwọn igbákejì rẹ̀. Bí kò bá sí èyí tó tó bẹ́ẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ á jọ ṣàdéhùn. Ìgbà tí àdéhùn bá forí ṣánpọ́n ni àwọn kọ́ńséyé, àwọn ọmọ ìgbìmọ̀, tó lè dìbò. Ẹni tí ẹgbẹ́ fi joyè, ojú ẹgbẹ́ ni yóò máa wò. Gọ́tà ọjà lè dí títí, kò kan ẹni tó fi í síbẹ̀.

Òṣùwọ̀n 10% burú ju ìyẹn lọ. Ẹgbẹ́ tí kò bá rí ìdá 10 nínú 100 ìbò gbogbo orílẹ̀-èdè kò ní àga ní ọ̀kankan nínú kọ̀múùnù 77, bó ti wù kí àwọn ará ilé rẹ̀ fẹ́ ẹ tó. Àjàṣẹ́ jẹ ẹ́ ní 2020: ẹgbẹ́ òṣèlú PRD kò dé òṣùwọ̀n náà, ìbò tí ìlú yìí dì fún un sì wọgbó. Kí ló kan ìbò Natitingou lókè àríwá nínú ẹni tí yóò kó pàǹtí Àjàṣẹ́? Ilé Aṣòfin wà láàárín ìlú wa níbí, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ wa kò dé etí wọn!

Ní Gánà, òfin àgbékalẹ̀ 1992 sọ pé kí olùdíje ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ jáde fúnra rẹ̀, láìlo àmì ẹgbẹ́, kí ẹgbẹ́ má sì náwó sí i. Ṣùgbọ́n ààrẹ ló ń yan àwọn kan sínú ìgbìmọ̀, tó lè tó ìdá 30 nínú 100, òun náà ló ń dárúkọ olórí àgbègbè. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ ti ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ẹ má ṣe kó ìyẹn wá fún wa.

Ohun tí a fẹ́ nìyí. Kí olùdíje dúró ní àròńdísímáǹ tirẹ̀, ìyẹn ẹ̀ka kọ̀múùnù tó ń gbé, kí fọ́tò àti nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí ìwé ìbò, torí ẹni tí kò mọ̀wé náà ń dìbò. Ibẹ̀ náà ni kí wọ́n ti ka ìbò, kí iye tó bá jáde níbẹ̀ sì yan kọ́ńséyé, kí ará Idigny ní Kétu yan ará Idigny. Lẹ́yìn náà, kí àwọn kọ́ńséyé fi ìbò ìkọ̀kọ̀ yan mẹ́ẹ̀rì, kí àwọn náà lè yọ ọ́ bí kò bá ṣiṣẹ́. Bí ẹ kò bá lè ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀yin aṣòfin, ẹ kọ́kọ́ pa òṣùwọ̀n 10% rẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tí kò lẹ́gbẹ́ lè díje.